Àwo Tí Àwọn Ará Tomari Rà

Láti àárọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn ni ara Kazuho kò ti balẹ̀. Ó ń bọ èèyàn lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára aago tó wà lókè ògiri. Gbọ̀ngàn ńlá kan ní Makuhari ni wọ́n wà, àwọn olólùfẹ́ wọn tò gbọọrọ títí dé ẹnu ọ̀nà, tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ kálukú. Inú àwo orin ni tíkẹ́ẹ̀tì náà ti ń jáde. Àwo kan, ìbọwọ́ kan. Ẹni tó bá fẹ́ kí òun àti olórin sọ̀rọ̀ pẹ́ díẹ̀ yóò ra púpọ̀. Ẹni tó bá ra ẹyọ kan, kó tó la ẹnu tán, géńdé tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ti fọwọ́ kàn án léjìká, ó ti sún un síwájú.

Ẹ má bi mí bóyá àwọn èèyàn yẹn ń gbọ́ orin tó wà nínú àwo ọ̀hún. Èèyàn tó ra odidi páálí kan àwo kan náà, èwo ni yóò gbọ́ nínú rẹ̀? Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń yọ, wọ́n á sì fi ìyókù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bí èèpo ẹ̀pà. Síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kà mọ́ àtẹ ọ̀sẹ̀ tó ń fi àwo tó tà jù hàn, àtẹ náà ló sì gbé ẹ̀mí Kazuho àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dání.

Amagasa ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn, obìnrin mẹ́rin tó ń kọrin tó sì ń jó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó wọn kó wọn sórí ìtàgé, wọ́n ní kí wọ́n fi ẹnu ara wọn ṣèlérí níwájú gbogbo ayé pé bí àwo tuntun wọn kò bá gba ipò kìíní ní ọ̀sẹ̀ tó bá jáde, ẹgbẹ́ yóò túká. Irú ìlérí bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ nídìí iṣẹ́ wọn. Ó máa ń pa olólùfẹ́ lẹ́kún, ẹni tó bá sì ń sunkún kì í ṣírò owó. Kazuho ló di gbohùngbohùn mú lọ́jọ́ náà nítorí òun ni olórí. Láti ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ti kúrò ní Tomari, ìlú apẹja kékeré kan létíkun Aomori, kò ṣe iṣẹ́ mìíràn rí. Ó ti lé lọ́mọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n báyìí, èyí tí wọ́n kà sí arúgbó láàárín àwọn olórin bíi tirẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá túká, kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Lọ́sàn-án, wọ́n fún wọn láyè kí wọ́n jẹun díẹ̀. Kò tíì ju onigiri kan, ìrẹsì tí wọ́n fọwọ́ dì ní ìṣù, sẹ́nu tí fóònù rẹ̀ fi dún. Fumie ìyá rẹ̀ ni.

"Kazu, ṣé o ti jẹun?"

"Mo ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́, Mama."

"Irọ́ lò ń pa. Tó o bá ń jẹun, mo mọ bí ẹnu ẹ ṣe máa ń dún. Gbọ́, a ti parí ẹ níbí. Gbogbo Tomari ló ti rà á tán. Ẹgbẹ́ apẹja rà á, àwọn olùkọ́ rà á, àwa tá a jọ ń sá ẹja rà á. Baba Sugawara tí kò gbọ́rọ̀ mọ́, méjì ló rà."

"Kí ni baba tí kò gbọ́rọ̀ fẹ́ fi àwo orin ṣe?"

"Ó ní òun á máa wo fọ́tò yín. Ó ní ìwọ lo rẹwà jù nínú gbogbo yín. Mo ní kó tún jígí ẹ̀ nù dáadáa."

Kazuho rẹ́rìn-ín gidi fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Níbo lẹ ti rà á, Mama?"

"Níbo la ò bá tún ti rà á? Lọ́dọ̀ Baba Kanamaru náà ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ fẹ́ lọ rà á lórí fóònù, mo ní ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ yín, ta ló lẹ fọ́tò yín mọ́ fèrèsé? Àwọn kan fẹ́ wakọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá tó wà ní Hachinohe, ìdí mọ́tò ni mo ti dá wọn padà. Baba fúnra ẹ̀ ló fi okùn pupa àti funfun di gbogbo ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi pé ẹrù ìyàwó ni."

Ayọ̀ kún inú Kazuho. Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ló yíjú sí Rikako, ẹni tó kéré jù nínú ẹgbẹ́, àti Ọ̀gbẹ́ni Inagaki, máníjà wọn, ó sọ fún wọn bí ìlú òun ṣe gbé òun lárugẹ. Rikako pàtẹ́wọ́. Inagaki ò pàtẹ́wọ́. Ó rọra gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

"Irú ṣọ́ọ̀bù wo ni ti baba yẹn?"

"Ó ń tún rédíò àti fìríìjì ṣe. Iwájú ló ń pàtẹ àwo sí."

"Kazuho, kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù làwọn tó ń ṣe àtẹ ń gba iye lọ́wọ́ wọn o. Àwọn tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn nìkan ni. Baba tó ń tún fìríìjì ṣe ní Tomari, wọn ò mọ̀ pé ó wà láyé. Gbogbo ohun tí wọ́n rà níbẹ̀, lójú àtẹ, wọn ò rà á."

Onigiri tó wà lọ́wọ́ Kazuho di òkúta.

"Tí wọ́n bá rà á lórí fóònù ńkọ́?" Rikako ló béèrè.

"Ọ̀la ni wọ́n á tó kó o jáde, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló sì máa bọ́ sí. Òní ni wọ́n ń pa ìṣirò dé, àwọn Asatsuyu sì ti ń mí sí wa lọ́rùn." Asatsuyu ni ẹgbẹ́ àwọn ọmọdébìnrin kan tí àwo tiwọn náà jáde lọ́sẹ̀ kan náà. Inagaki bojú wo aago. "Ṣọ́ọ̀bù Hachinohe yẹn wà lára àwọn tí wọ́n ń kà. Pe màmá ẹ. Kí wọ́n wọ mọ́tò báyìí, kí wọ́n tún lọ ra òmíràn níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Ẹ pè wọ́n, Àǹtí," ni Rikako wí. Ó di apá rẹ̀ mú. "Àwọn ará ilé yín á lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọ́n á lọ."

Kazuho mọ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ó tún mọ ohun mìíràn: òun fúnra rẹ̀ ló bẹ Rikako ní èṣí pé kó má fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí ọmọ náà fi kọ yunifásítì sílẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kó ṣetán.

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, ilẹ̀ ń gbóná mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó tẹ nọ́ńbà ìyá rẹ̀. Orin tiwọn gan-an ló kọ́kọ́ gbọ́, ó ń dún kíkankíkan, ariwo èèyàn sì bò ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn àgbàlagbà kan gba fóònù.

"Kazuho, ọmọ mi. Kanamaru ni. Màmá ẹ ń bá mi ka owó lọ́wọ́, ló ṣe ní kí n gbé e. Ṣé o ń gbọ́ ariwo? Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ṣọ́ọ̀bù yìí ò kún báyìí rí."

"Mò ń gbọ́ ọ, Baba. Ẹ kú iṣẹ́."

"Àwọn ọmọ mi ní kí n tì í pa tọ́dún bá parí. Mo ní kò burú. Mo ní ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ti Kazuho dé ipò kìíní ná, lẹ́yìn náà kí wọ́n wá fi títì ọ̀hún tì mí mọ́lé." Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Kí lo fẹ́ sọ fún màmá ẹ?"

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bó bá sọ ọ́, gbogbo wọn ni yóò wọ mọ́tò láìráhùn. Wọ́n á tẹrí ba fún baba náà bí wọ́n ti ń kọjá, wọ́n á ní àwọn fẹ́ lọ gba atẹ́gùn. Baba yóò mọ ibi tí wọ́n ń lọ, yóò sì mọ ìdí. Títí tí yóò fi kú, òun ni yóò máa jẹ́ ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ká mọ́ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè Kazuho, ó tún gbé e mì.

"Kò sí nǹkan, Baba. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ohùn yín ni."

Ó padà sínú yàrá. Inagaki àti Rikako dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

"Wọ́n ti ń lọ," ni Kazuho wí.

Rikako gbá ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó bọ̀ ọ́ bí ẹni tó ní tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Láti ìgbà náà títí wọ́n fi ti gbọ̀ngàn, kò sí olólùfẹ́ kan tí Kazuho rántí ojú rẹ̀. Ó bú ara rẹ̀ pé ó ya ojo, ó tún gba ara rẹ̀ níyànjú pé bóyá wọn ò ní nílò ti Tomari rárá. Bó ṣe lo ọjọ́ Ajé nìyẹn, kò lè jókòó, kò lè dùbúlẹ̀. Ìgbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ aṣọ tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n pe àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ náà. Inagaki wọlé, kò sì jókòó.

"Ipò kejì ni," ó wí. "Asatsuyu ló gba kìíní. Díẹ̀ báyìí ni wọ́n fi jù wá."

Ó dárúkọ iye náà. Kazuho ò nílò pé kí ẹnikẹ́ni bá òun ṣírò rẹ̀. Èyí tí wọ́n rà ní Tomari nìkan ì bá dí àlàfo yẹn, yóò sì tún ṣẹ́kù. Àwọn méjì tó kù dì mọ́ ara wọn, wọ́n ń sunkún. Rikako jókòó bí igi.

"Pẹ̀lú gbogbo bí àwọn ará Tomari ṣe lọ rà á lẹ́ẹ̀mejì," ni Rikako wí, "síbẹ̀ kò tó."

Kazuho fẹ́ la ẹnu rẹ̀, àmọ́ fóònù rẹ̀ tó wà lórí tábìlì ló dún. Níbi tó ti ń kánjú gbé e, ibi tí gbogbo yàrá yóò ti gbọ́ ló tẹ̀. Ohùn Fumie sì rèé, ohùn tó ti ń bá ìgbì òkun figagbága láti ìgbà èwe.

"Kazu? A ti gbọ́ ọ. Má sunkún o. Gbogbo wa wà lọ́dọ̀ Baba Kanamaru níbí. Baba ò jẹun. Ó ní bóyá ká ti jẹ́ káwọn èèyàn lọ sí Hachinohe lọ́jọ́ yẹn ni, bóyá ṣọ́ọ̀bù òun ló kéré jù. Mo ní kó yé sọ ìsọkúsọ, pé ibì kan ṣoṣo tá a ti rà á náà ti tó, àwo kì í ju àwo lọ. Bá mi sọ fún un, ọmọ mi, kó lè fi nǹkan sẹ́nu. Ṣé tiwa dé ọ̀dọ̀ yín?"

Rikako gbé orí sókè. Ó wo Kazuho tìyanutìyanu, bí ẹni tó ń retí pé kó sọ pé òun ò gbọ́ ọ dáadáa. Kazuho kò lè wò ó lójú. Inagaki kọjú sí fèrèsé. Ìyá rẹ̀ sì ń pe "Kazu? Kazu?" lọ́hùn-ún.

Rikako dìde, ó mú fóònù náà lórí tábìlì.

"Mama, Rikako ni o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àǹtí ń sunkún ni, wọn ò lè sọ̀rọ̀." Ó kẹ̀yìn sí Kazuho. "Ó dé, Mama. Gbogbo ẹ̀ ló dé. Ẹ bá wa sọ fún Baba pé tiwọn ló gbé wa dé ipò kejì. Tí kì í bá ṣe tiwọn, ìsàlẹ̀ pátápátá ni à bá wà."

Wọ́n gbọ́ bí Fumie ṣe ń pariwo ọ̀rọ̀ náà fún àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì gbọ́ àtẹ́wọ́. Rikako dúró gbọ́ ọ tán, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń tẹrí ba fún fóònù lẹ́ẹ̀kan àti lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà, ó fi í sọ́wọ́ Kazuho láìwò ó, ó mú báàgì rẹ̀, ó sì jáde.

"Ọmọ yẹn mà dáa o, Kazu," ni ìyá rẹ̀ ń sọ. "Máa tọ́jú ẹ̀ dáadáa."

Kazuho ní òun gbọ́.