Sìmẹ́ńtì Wilf

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ fà mọ́ mi díẹ̀, ọ̀rọ̀ Hilda Iveson àti Wilf ọkọ ẹ̀ ni mo gbé wá, ẹ má ṣáà ní ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ.

Gbì! Alderson bíríkìlà fi òòlù gbá ògiri abà màlúù wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i, ó mi orí.

"Hilda ọmọge, ògiri yìí ti wú síta, ó ti lóyún o."

"Òun náà? Pẹ̀lú ọjọ́ orí ẹ̀?"

"Sìmẹ́ńtì tí Wilf fi rẹ́ ẹ ló fún un lóyún. Ẹfun làwọn bàbá wa fi ń mọ òkúta, kí ògiri lè máa mí. Omi ti wọlé báyìí, kò rọ́nà jáde. Ká ha sìmẹ́ńtì yẹn kúrò kí òtútù tó dé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, á wó lé màlúù lórí."

Ó rẹ Hilda látinú eegun. Ta ni ò mọ Wilf ní àfonífojì Swaledale? Bàbá bàbá ẹ̀ ló kọ́ abà yẹn, òkúta gígùn tó la ògiri já, ihò òwìwí lókè. Wilf ní sìmẹ́ńtì òun ló gbà á là. Bíríkìlà tó bá fọwọ́ kàn án, ajá ló máa lé e.

Tá a bá ní ká bẹ́ igi, a ó bẹ́ èèyàn. Ohun tí Hilda ń rò nìyẹn bó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sábà lọ́sàn-án, kó lè sọ ọ́ fún un.

Kọ́, kọ́, kọ́ ló gbọ́ nínú abà. Ó yọjú.

Wilf jókòó sórí garawa, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń fi ẹnu àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń rẹ́ irun àgùntàn ha sìmẹ́ńtì. Ibi tó ti ha ò ju àwo oúnjẹ lọ. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé òkúta tútù náà.

"Mí," ó ní. "Mí, jàre."

Wilf ti mọ̀ pé sìmẹ́ńtì òun ló fà á. Ìdí tó fi ń sùn sídìí oúnjẹ lálaalẹ́ nìyẹn.

Hilda rọra padà sẹ́yìn, ó wá pariwo láti àgbàlá: "Wilf! Tíì ń tutù o!"

Irin bọ́ sínú koríko. Wilf jáde, ìpéǹpéjú ẹ̀ funfun báláú.

"Kí ló ṣe ojú ẹ?"

"Ìyẹ̀fun oúnjẹ màlúù ni. Kí ni Alderson wí?"

"Ó ní ògiri ń fẹ́ ìsinmi."

"Àwa náà ńkọ́?"

Hilda fi etí épírọ́ọ̀nù nù ún lójú. Ògiri yẹn tóbi, òtútù sì ti ń bọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa sọ fún un pé ẹ rí i?