Ẹ̀fọ́ Odò fún Màmá

Ṣé kí n já ẹ̀fọ́ odò yìí ni, àbí kí n fi í sílẹ̀? Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀... ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ìgbẹ́ màlúù ló jẹ yó tó fi sanra báyìí. Omi abẹ́ rẹ̀ dúdú, ó ki, ó ń rùn — odò tí a máa ń rí òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ kedere tẹ́lẹ̀!

"Mereana, rọra o, má tẹ edé pa." Màmá nìyẹn, nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣì ń gbé e. Á ká yẹ̀rì sókè, á wọ omi dé orúnkún, á já ẹ̀fọ́, á ṣàn án níbẹ̀, á ki ewé kan bọ̀ mí lẹ́nu. Á ta mí bí ata. Tīpene àbúrò mi á máa sunkún pé òun náà fẹ́. Tá a bá fi máa délé, eegun ẹlẹ́dẹ̀ tí a ó fi se ẹ̀fọ́ náà ti ń hó lórí iná... Háà, ayé dùn nígbà yẹn.

Tīpene yìí kan náà ló ni gbogbo màlúù tó wà lókè odò báyìí. Mo bá a sọ ọ́ lánàá, pé ìgbẹ́ wọn ń ṣàn wọ odò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n máa dí wọn nídìí ni? Owó wàrà wọn la fi ń tọ́jú Màmá o."

Inú bí mi.

Ẹ̀fọ́ odò ni Màmá ń béèrè ṣáá lórí ibùsùn àìsàn. Tí mo bá já eléyìí, ó lè pa á. Tí mo bá tún lọ ra ti ìsọ̀... ti ọjọ́sí, ó kàn fi ahọ́n kàn án ni. "Kì í ṣe tiwa. Ṣé o dé odò?" Mo ní omi kún. Irọ́ ni. Tīpene náà sọ pé omi kún. Gbogbo ilé ló ń sọ pé omi kún.

Àmọ́... kí ló tún fẹ́ fi ẹ̀fọ́ ṣe? Omi lásán, ṣíbí ṣíbí là ń fún un mu. Tí mo bá sì wọlé, kì í wo àpò ọwọ́ mi. Bàtà mi ló máa ń wò, bóyá ó tutù.

Kì í ṣe ebi. Olúwa mi, kì í ṣe ebi rárá! Odò ló ń béèrè, bí èèyàn ṣe ń béèrè ọmọ tí kò rí mọ́, tí gbogbo ilé ń yíjú kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀.

Wọ́n kì í ṣàdédé túfọ̀ fún arúgbó. Ẹnìkan á kọ́kọ́ jókòó tì í, á di ọwọ́ ẹ̀ mú... Ta ni mo fẹ́ rán?

Màmá, odò wa ti kú. Ó ti pẹ́ tó ti kú. A kàn ń fi ikú rẹ̀ pamọ́ fún yín ni.