Owó Orí Lórí Ilé Bàbá ní Redan

Rẹ̀mílẹ́kún kó sukudíráífà àti píláyà sílẹ̀ lórí àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú àgádágodo inú ilé bàbá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó fẹ́ ra ilé náà ti sọ pé gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò kí àwọn tó gbà á. Bàbá, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ, máa ń ti ohun tí ẹlòmíràn kì í tì. Ó ti yàrá ìkẹ́rùsí, ó ti fírísà, ó ti ilẹ̀kùn tó lọ sí gáréèjì. Kódà, ó ra àpótí oníke kan tó mọ́ gaara, ó kàn án bo thermostat lára ògiri, kí ẹnikẹ́ni má baà yí òtútù tàbí ooru ilé padà láìgba àṣẹ.

Iṣẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún ní pápá ọkọ̀ òfurufú ni láti máa tún bẹ́líìtì tí ń gbé ẹrù àwọn èrò ṣe, kò sì sí ohun tó dùn mọ́ ọn bíi kó mọ ìdí tí nǹkan fi ń ṣí àti ìdí tó fi ń tì. Inú àgádágodo, irin tín-ín-rín mélòó kan ló tò síbẹ̀, sípíríǹgì ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tó bá tọ́ ló ń gbé gbogbo wọn dé ojú ìlà kan ṣoṣo, ìgbà náà ni nǹkan á tó yí. Lọ́jọ́ mìíràn, irú iṣẹ́ báyìí á ti mú un kọrin. Lónìí, bó ṣe ń tú ìṣó kọ̀ọ̀kan ni inú túbọ̀ ń bí i.

Ẹni tó ń bí i nínú jókòó sórí àga onítìmùtìmù lẹ́yìn rẹ̀. Túnmiṣe ni, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, tó wakọ̀ wá láti Snellville.

"Half mi, half ni," Túnmiṣe wí. "Orúkọ yín ló wà lórí ìwé ilé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ni kó lọ san tax."

"Tí mo bá san tax yẹn tán, tí mo tún gbé ìdajì fún ọ, kí ló máa kù fún mi?"

"Ẹ lọ bi Daddy. Ẹ̀yin ṣáà ni ààyò wọn."

Rẹ̀mílẹ́kún kọjú sí ògiri, ó ń tú ìṣó lọ. Ó mọ̀ pé tí òun bá yíjú sí i, sukudíráífà á kúrò lọ́wọ́ òun.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ kí Bàbá tó kú, díákónì kan sọ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì pé bí ènìyàn bá kú ní Amẹ́ríkà, ìjọba á gba owó orí lórí ogún rẹ̀, á sì gba ilé lọ́wọ́ ọmọ. Bàbá ti rí bí àwọn ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ nílé ṣe lo ọjọ́ ayé wọn ní kóòtù nítorí ilẹ̀ bàbá wọn. Ẹ̀rù méjèèjì para pọ̀. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀, ó mú Rẹ̀mílẹ́kún lọ sọ́dọ̀ lọ́yà, ó sì yí ilé náà sí orúkọ rẹ̀, ó ní kó bá àbúrò rẹ̀ pín in bí òun bá kú.

Bẹ́ẹ̀ Georgia kì í gba owó orí lórí ogún. Èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń gbà, àwọn olówó ńláńlá ló wà fún, ilé kan ní Redan kò sún mọ́ ọn rárá. Bàbá sá fún òjò tí kò tilẹ̀ ṣú, ó sì kó sódò. Nítorí pé bí ọmọ bá jogún ilé, iye tí ilé náà tó lọ́jọ́ tí bàbá kú ni wọ́n fi ń ṣírò èrè nígbà tó bá tà á. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá fi ilé ta ọmọ lọ́rẹ nígbà ayé rẹ̀, iye tí bàbá fi rà á ní àtijọ́ ni wọ́n á máa kà. Ìgbà tí Bàbá ra ilé yìí, igbó ṣì pọ̀ ju ilé lọ ní àdúgbò náà. Gbogbo bí owó ilé ṣe ga láti ìgbà yẹn ti di èrè Rẹ̀mílẹ́kún, owó orí rẹ̀ sì wà lọ́rùn òun nìkan.

Joanna ló ṣàlàyé èyí fún un. Ọmọ ìjọ wọn ni, Atlanta ni wọ́n bí i sí, iṣẹ́ owó orí ló ń ṣe. Òun náà ló tẹ bẹ́ẹ̀lì lọ́sàn-án yẹn, ó mú ìwé ìṣirò owó orí náà wá.

"Aunty, good afternoon ma. Kí lẹ ń tú lára wall?"

"Lock tí Daddy fi ti thermostat."

"Nínú ilé yín?"

Rẹ̀mílẹ́kún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà korò. "Ilé mi kẹ̀. Ọjọ́ tí a kúrò lọ́dọ̀ lọ́yà, inú mọ́tò la wà tí Daddy ti ń kìlọ̀ fún mi. 'Orúkọ rẹ ló wà lórí ìwé o. Mo ṣì wà láàyè o.' Mo ra ọ̀dà wá láti kun yàrá, wọ́n ní kí n dá a padà sí store. Kọ́kọ́rọ́ iwájú ilé, wọn ò fún mi títí wọ́n fi kú. Bẹ́ẹ̀lì ni mò ń tẹ̀ bí ẹni tó gbé package wá."

"Ọ̀dà nìkan lẹ rántí?" Túnmiṣe kò lè pa á mọ́ra mọ́. "Christmas tí ẹ sùn síbí ńkọ́? Ẹ ní òtútù ń pa yín. Daddy ní kí ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní àlejò kì í bá onílé du ooru." Ó ń rẹ́rìn-ín débi tó fi ń gbọ́wọ́ létí àga. "Àlejò. Nínú ilé tí ẹ fi ọgbọ́n gbà."

Joanna ti gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. "Uncle, ẹ dúró ná. Ta ló ń san property tax ilé yìí lọ́dọọdún?"

"Daddy," ni Rẹ̀mílẹ́kún dáhùn.

"Insurance? Òrùlé tí wọ́n pààrọ̀?"

"Daddy ni. Mo ní kí n bá wọn san díẹ̀, wọ́n bínú, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ lé wọn jáde ni."

"Aunty, why didn't you tell me?"

"O ò bi mí. Ṣé inú ìwé owó orí ni wọ́n ń kọ pé bàbá ẹni le?"

Joanna jókòó, ó sì tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Òfin kò wo ìwé nìkan. Bí ènìyàn bá fún ọmọ ní ilé, ṣùgbọ́n tí ó ṣì ń gbé inú rẹ̀ bí onílé títí ó fi kú, tí ó sì yé àwọn méjèèjì pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí, òfin gbà pé ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára ilé náà títí di ọjọ́ ikú. Wọ́n á kà á mọ́ ogún rẹ̀. Iye ọjọ́ ikú ni wọ́n á sì fi ṣírò.

Fún ìṣẹ́jú kan, Rẹ̀mílẹ́kún gbàgbé ìbínú. Ó rí bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́: agídí Bàbá gan-an, tó ti bà á nínú jẹ́ fún ọdún púpọ̀, ni yóò gbà á là.

"Ṣùgbọ́n a nílò witness," Joanna wí. "Ẹni tó mọ bí Daddy yín ṣe gbé nínú ilé yìí."

Àwọn méjèèjì wo Túnmiṣe. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

"Kí n kọ ọ́ pé Sister mi ò ní àṣẹ kankan nínú ilé yìí? Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ti sọ?"

"Ohun tó o ti sọ fún gbogbo ìjọ," Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Pé mo rẹ́ ọ jẹ. Pé mo ti ń jẹ ilé Daddy kí wọ́n tó kú. Títí dé ọ̀dọ̀ ìyàwó pásítọ̀ lo gbé e dé. Bẹ́ẹ̀ o wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè mí ní àlejò, ìwọ lo sì rẹ́rìn-ín jù."

"Ẹ ti bínú tán?"

"N ò tíì bẹ̀rẹ̀. Orúkọ mi ló wà lórí ìwé, àbí? Ó dáa. Mi ò ní fọwọ́ sí títà. Kí koríko bo ilé mọ́lẹ̀. Lọ kó half rẹ nínú koríko."

Joanna yíjú sí Túnmiṣe. "Uncle, èyí tí ẹ sọ lẹ́ẹ̀kan, ṣé irọ́ ni?"

"Kì í ṣe irọ́."

"Nígbà náà, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ó kọ ọ́ lórí tábìlì ìjẹun, ó ń fa ojú ro bí ọmọ tí wọ́n ní kó fọ abọ́. Rẹ̀mílẹ́kún náà kọ tirẹ̀, kò sì mẹ́nu ba koríko mọ́. Ó dùn ún láti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé ilé tí òun ń pè ní tòun kò jẹ́ tòun rí, àmọ́ òótọ́ ni. Wọ́n lọ búra níwájú notary, ẹni tí òfin yàn láti jẹ́rìí sí ìwé. Joanna kó rísíìtì gbogbo owó tí Bàbá san jọ, ó sì wá ẹni tó mọ owó ilé láti díye lé e bó ṣe wà lọ́jọ́ tí Bàbá kú.

Wọ́n ta ilé náà. Nígbà tí àkókò owó orí dé, iye tí wọ́n tà á kò ju iye ọjọ́ ikú lọ, èrè kò sí, ìjọba sì gba ìwé náà láìbéèrè ohunkóhun. Wọn kò san kọ́bọ̀. Wọ́n pín owó ilé sí méjì ọgbọọgba. Rẹ̀mílẹ́kún fi tirẹ̀ san gbèsè ilé tó ń gbé ní College Park tán. Túnmiṣe gba ìdajì tirẹ̀, ó sì san ìdajì owó iṣẹ́ Joanna láìjiyàn.