Ọ̀nà Ẹsẹ̀ Láti Ìdí-Àfọ̀n Dé Ṣáṣá

Ẹ sún mọ́ mi o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá gbé iṣu kaná, kó lọ sọ̀ ọ́ ná kó tó jókòó, torí ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń dìde láàárín rẹ̀. Ìtàn ọmọbìnrin tó kọ̀ ni. Ó kọ̀, ó sì kọ̀ délẹ̀.

Ọ̀ṣuntọ́lá lorúkọ rẹ̀, ọmọ Abà Ìdí-Àfọ̀n, ní Lágelú. Tíṣà ni, kó tó padà sí yunifásítì láti gba oyè kejì nínú ìwé kíkọ. Ẹ̀ka tó yàn, ìrìn àjò àti ilẹ̀ ni wọ́n ń kọ nípa rẹ̀ níbẹ̀: igi, odò, ẹyẹ, àti ẹsẹ̀ tó ń kọjá láàárín wọn. Kó tó lè gboyè, ó gbọ́dọ̀ kọ odidi ìwé kan, kí ọ̀gá rẹ̀, Dókítà Akíntáyọ̀, sì buwọ́ lù ú. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tí àwọn ará abà ń gbà láti Ìdí-Àfọ̀n dé ọjà Ṣáṣá ló kọ ìwé lé lórí, ọ̀nà tó ti rìn nígbà ogójì pẹ̀lú bíírò lọ́wọ́.

Dókítà ka ìwé náà tán, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ọ̀ṣuntọ́lá, o mọ̀ ọ́n kọ. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ìrìn àjò. Àlọ oko, àbọ̀ oko ni. Ibi tí èèyàn ti lè sọnù là ń pè ní ìrìn àjò. Ta ló lè sọnù lọ́nà ọjà? Lọ gun òkè kan níbi tó jìnnà, kí o kọ ìyẹn wá. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò ní buwọ́ lù ú lọ́dún yìí."

Ẹlòmíràn ìbá ti wólẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ọ̀ṣuntọ́lá dìde dúró.

"Mi ò ní gun òkè kankan, sà. Ọ̀nà kan kò wọjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí ni mo mọ̀, èyí ni màá kọ. Ẹ wá bá mi rìn ín ní Sátidé. Bí ẹ bá délé tí ẹ ṣì ní kì í ṣe ìrìn àjò, ẹ dá ìwé mi padà, kí n máa kọ́ àwọn ọmọ mi ní á-bí-dí lọ."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ṣé kí n gbé omi dání?"

"Ẹ wọ bàtà tó le, sà."

Nígbà tí Sátidé pé, bàtà funfun báláú ni Dókítà wọ̀ wá. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n bọ́ sọ́nà. Igi tí Dókítà bá ti rí, á dúró ya fọ́tò rẹ̀. Nígbà tí agbe kan fò kọjá, ó ní, "Máa lọ níwájú, mò ń bọ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ṣáà ni."

Ọ̀ṣuntọ́lá lọ. Nígbà tó dé ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì, ó já ewé tútù, ó fi dábùú ọ̀nà apá òsì, ó gba apá ọ̀tún. Bẹ́ẹ̀ là ń ṣe nílẹ̀ wa, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ pé a kò gba ibẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà mọ̀ ọ́n. Kò wá sí i lọ́kàn rárá pé àgbàlagbà kan lè wà láyé tí kò mọ̀.

Ó dé abà tó kàn, ó jókòó ti Màmá Àbíkẹ́, tó ń bó ẹ̀gẹ́. Wọ́n bó apẹ̀rẹ̀ kan tán. Wọ́n bó èkejì. Dókítà kò dé. Bí Ọ̀ṣuntọ́lá ṣe dìde pé kóun wá a lọ, ni Bàbá Dìpẹ̀, ọkọ Màmá Àbíkẹ́, yọ látinú igbó, Dókítà lẹ́yìn rẹ̀, ẹrẹ̀ dé orúnkún, ẹsẹ̀ bàtà kan lọ́wọ́.

"Màmá Àbíkẹ́, wá wo ẹran tí mo pa lónìí!" Bàbá Dìpẹ̀ ké. "Inú àkùrọ̀ mi ni mo bá wọn, wọ́n ń bá fóònù sọ̀rọ̀, fóònù ò dá wọn lóhùn!"

"Ẹ kú ewu o, ọ̀gá," ni Màmá wí. "Ṣé ẹ ò rí ewé ni?"

"Mo rí i, mà. Òun ni mo tẹ̀ lé! Mo rò pé ó fi ń júwe ọ̀nà fún mi ni."

"Háà! Wọ́n tìlẹ̀kùn, ẹ ní wọ́n ní kí ẹ wọlé!" Màmá rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀ṣuntọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó bu omi fún ọ̀gá rẹ̀ kó fọ ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa bíírò yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

"Kí lò ń kọ?"

"Orí kẹfà, sà."

Dókítà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀ṣuntọ́lá, mo gbà fún ọ. Ìrìn àjò ni. Màá buwọ́ lù ú. Ṣùgbọ́n tèmi yìí, yọ ọ́ kúrò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa kà á."

Ẹ ò rí i? Ohun tó ń wá ti dé iwájú rẹ̀, ojú ewé kan péré ni wọ́n ní kó fi gbà á.

"Rárá, sà. Mi ò ní dárúkọ yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ní kò sẹ́ni tó lè sọnù níbí. Ilẹ̀ yìí ti fún yín lésì, èmi ò sì lè dí i lẹ́nu. Bí ẹ kò bá buwọ́ lù ú lọ́dún yìí, màá tún gbé e wá lọ́dún tó ń bọ̀, tòun tàkùrọ̀, tòun ti bàtà. Bí a gúnyán nínú ewé, bí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó."

"Ọmọ yìí mà le o," ni Bàbá Dìpẹ̀ wí.

Wọ́n tún bọ́ sọ́nà títí wọ́n fi wọ Ṣáṣá. Ẹ̀yìn Ọ̀ṣuntọ́lá gbágbáágbá ni Dókítà ń rìn báyìí.

Ní Mọ́ńdè, Ọ̀ṣuntọ́lá gbé ìwé náà lọ, orí kẹfà wà nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kó tó padà sí i lọ́wọ́. Ọ̀ṣuntọ́lá ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé oníbàtà funfun kan sọnù sínú àkùrọ̀ fún wákàtí kan. Dókítà ti fi bíírò pupa fagi lé wákàtí kan yẹn, ó kọ sókè rẹ̀ pé: "Wákàtí kan àti ààbọ̀." Ó sì buwọ́ lùwé nísàlẹ̀.

Èmi kò sí níbẹ̀ o. Màmá Àbíkẹ́ ló sọ ọ́ fún mi níbi tí a ti ń yan gààrí, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ṣẹlẹ̀ lábà, ojú rẹ̀ ló ṣe.