Omi Ìwẹ̀ Fàdìlàt

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta ọdún 2012, Kàúsárà ọmọ Yésúfù kú ní Makun, ní Ṣàgámù. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ojú, lẹ́yìn náà gbogbo ara. Ẹnikẹ́ni kò rí orúkọ fún ohun tó pa á. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Yésúfù padà sídìí obì rẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ọmọ náà mọ́.

Ọdún kẹtàlá lẹ́yìn ìyẹn ni ó tún gbọ́ irú ariwo tó máa ń ti balùwẹ̀ wá nígbà tí wọ́n ń wẹ̀ fún Kàúsárà.

Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi ewé gbòdògì tuntun di obì sínú agbọ̀n. Fàdìlàt, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un, ti bímọ obìnrin, ó sì ti wá láti Simawa sílé bàbá rẹ̀ kí wọ́n lè tọ́jú òun àti ọmọ títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé. Ìyá rẹ̀ ti ṣaláìsí. Sàdíátù, ẹ̀gbọ́n Yésúfù, ló ń wẹ̀ fún un. Kò sí ìyá ọmọ kan ní agboolé náà tí ọwọ́ Sàdíátù kò tíì kàn: omi gbígbóná, tówẹ́ẹ̀lì tó nípọn, àti ẹnu tí kì í sinmi.

"Dìde níbẹ̀! Àwa tí a bí mẹ́jọ, omi yìí náà ni wọ́n dà sí wa lára."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ẹsẹ̀ mi ò gbọ́ tèmi mọ́."

"Ẹsẹ̀ tó gbé ọ lọ sílé ọkọ láìsí ẹni tó tì ọ́, òun ni ò gbọ́ tìẹ lónìí?"

"Mi ò tún rí yín dáadáa. Bí ìkùukùu lẹ rí lójú mi."

"Ìkùukùu? Èmi tí mo sanra tó báyìí?"

Nígbà náà ni nǹkan wó lulẹ̀, abọ́ kan sì yí gbirigbiri lórí símẹ́ǹtì. Yésúfù dìde débi pé obì tó wà lórí itan rẹ̀ fọ́n káàkiri. Kò lè wọlé bá ọmọbìnrin rẹ̀ ní balùwẹ̀. Ó dúró síwájú aṣọ ẹnu ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ṣubú ni?"

"Ó jókòó ni. Àwọn ọmọ òde òní, wọn kò lè fara da nǹkan kan."

Wọ́n gbé Fàdìlàt sùn sábẹ́ fáànù. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ara rẹ̀ fi tutù, ó dìde, ó lọ gbé ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

"Ṣé ìwọ náà rí i?" ni Sàdíátù wí. "Ọ̀lẹ ló ń ṣe é."

Yésúfù bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa obì rẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ti pe Kàúsárà náà ní ọ̀lẹ.

Ní ọjọ́ kejì, Fàdìlàt wá jókòó tì í. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkẹ́nnẹ́, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dúró níwájú pátákó.

"Bàbá, mo dán nǹkan kan wò. Kí Màmá tó dé láàárọ̀ yìí, omi tútù ni mo fi wẹ̀. Mo dúró ṣinṣin. Nígbà tí wọ́n dé, mo jẹ́ kí wọ́n fi omi gbígbóná wẹ̀ fún mi bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ojú mi ṣú, orúnkún mi sì yẹ̀. Mo lọ síbi atẹ́gùn, ara mi padà bọ̀ sípò. Àná náà bẹ́ẹ̀ ni, ìjẹta náà bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí lo rí nínú ẹ̀?"

"Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀lẹ kì í mọ ìyàtọ̀ omi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti wúwo láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ooru ló ń jẹ́ kó hàn sí gbogbo ayé." Ó fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ náà. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn olùkọ́ ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Bàbá, ṣé báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀gbọ́n mi?"

Yésúfù wo ojú rẹ̀. "Báyìí ni. Lọ múra. Ilé ìwòsàn là ń lọ."

Àfi bí Sàdíátù ṣe dí ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá ọmọ tí kò tíì pé ogójì ọjọ́? Kí ni àwọn àna rẹ̀ á sọ? Wọ́n á ní àìsàn ìdílé wa ni. Ẹnu ọ̀nà yìí kan náà ni ọkọ Kàúsárà kó ẹrù rẹ̀ wá dà sí. Ṣé o fẹ́ kí ọkọ ti èyí náà kó ẹrù rẹ̀ wá ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ kan ló kù fún mi. Tí wọ́n bá kó ẹrù rẹ̀ wá, ààyè wà nínú ilé yìí. Itẹ́ òkú ni mi ò ní ààyè sí mọ́."

Ó mú fóònù rẹ̀, ó fi í sórí sípíkà, ó pe Ridwanullah, ọkọ Fàdìlàt, níṣojú gbogbo wọn. Ó sọ ohun tó ń ṣe ìyàwó rẹ̀ fún un. Ó sọ ti Kàúsárà mọ́ ọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi ọ̀rọ̀ kankan pamọ́. Nígbà tó parí, Sàdíátù wo ilẹ̀.

"Bàbá, mo ń gbé ọkọ̀ bọ̀," ni Ridwanullah wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó tètè wá híjáàbù rẹ̀. Tí a bá ní ká máa dúró dè é bó ṣe máa ń ṣe, ilẹ̀ á ṣú bá wa."

Fàdìlàt rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Sàdíátù kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé ọmọ náà, ó pọ̀n ọ́ sẹ́yìn ara rẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ wọ ọkọ̀.

Láti ọ̀dọ̀ dókítà kan ni wọ́n ti darí wọn sí ilé ìwòsàn ńlá, sọ́dọ̀ Dókítà Adéyọ̀sọ́lá, obìnrin tí kò dàgbà ju Fàdìlàt lọ, tó jẹ́ pé ìtọ́jú àrùn ọpọlọ àti iṣan ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ omi ìwẹ̀, ó fi bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ tún un sọ fún mi, tíṣà. Ẹ má yọ nǹkan kan kúrò."

Wọ́n ti Fàdìlàt sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí àti ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹ̀rọ tó ń pariwo ju jẹnẹrétọ̀ lọ. Wọ́n fa omi díẹ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí èsì dé, dókítà na ìka sí àwọn àmì funfun tó wà nínú àwòrán náà.

"Ẹ́mù-ẹ́sì ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ ogun inú ara tó yẹ kó máa lé àrùn ló kọjú ìjà sí onílé. Wọ́n ń jẹ awọ tó bo àwọn iṣan tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀ àti ojú."

"Bí obì tí ewé rẹ̀ ya," ni Yésúfù wí jẹ́ẹ́.

"Bàbá?"

"Tí ewé bá ya, atẹ́gùn á wọlé, obì á gbẹ. Obì náà kò ní àbùkù. Ewé ló ya."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Tí a bá sì tètè rí ibi tó ti ya, obì kò tíì gbẹ." Dókítà yíjú sí Fàdìlàt. "Tẹ́lẹ̀, a máa ń dúró kó kọlu èèyàn lẹ́ẹ̀kejì kí á tó lè dárúkọ rẹ̀. Ní báyìí, àwòrán àti omi ẹ̀yìn lè sọ ọ́ fún wa nígbà àkọ́kọ́. Oògùn tó ń dá àwọn ọmọ ogun náà lẹ́kun sì ti wà. Mi ò ní parọ́ fún yín, kò ní kúrò lára pátápátá. Ṣùgbọ́n a lè dè é mọ́lẹ̀."

Sàdíátù kò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò rí rí.

"Dókítà, èmi náà ni mo wẹ̀ fún èyí tó kú. Omi gbígbóná yìí náà ni. Ṣé èmi ni mo..."

Dókítà dìde kúrò nídìí tábìlì, ó wá jókòó tì í.

"Rárá, Màmá. Ooru kì í dá àrùn yìí sílẹ̀, kì í sì í sọ ọ́ di ńlá. Ó kàn ń fi ibi tó wà hàn wá ni. Mi ò rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mi ò lè búra pé ohun kan náà ló ṣe é. Ṣùgbọ́n omi yín kọ́ ló pa á. Omi yín ló tú àṣírí ti èyí."

Sàdíátù fi etí ìborùn nu ojú. Ó gbé orí sókè.

"Ṣé o gbọ́, Yésúfù? Omi mi ló tú àṣírí."

"Mo gbọ́, Ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n fi oògùn tó lágbára sínú dírípù fún Fàdìlàt, ojú rẹ̀ kọ́kọ́ là, lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ èyí tí yóò máa gbà ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ní Makun, Sàdíátù ń ti agboolé kan bọ́ sí òmíràn. "Bí ìyá ọmọ bá ní ẹsẹ̀ kọ òun nínú omi, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ ránṣẹ́ pè mí." Ó ń dárúkọ ẹ́mù-ẹ́sì bí ẹni pé níṣojú òun ni wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ.

Ní mọ́sáláṣí, ọ̀rẹ́ Yésúfù kan rọra bi í bóyá lóòótọ́ ni àìsàn Kàúsárà ti mú àbúrò rẹ̀. Ọdún púpọ̀ ni ará ìta kankan kò ti pe orúkọ náà níwájú rẹ̀. Yésúfù na ẹ̀yìn rẹ̀ ró.

"Lóòótọ́ ni. Kí dókítà tó rí i, ọmọ mi ti fi làákàyè ara rẹ̀ rí i. Olùkọ́ ni."

Àárọ̀ tí Fàdìlàt máa padà sílé ọkọ, òjò ti rọ̀. Ridwanullah dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ sí i.

"Gbé ọmọ," ni Fàdìlàt wí. "Èmi ní ẹsẹ̀."

Ó ń lọ jẹ́jẹ́. Ó dúró láàárín àgbàlá, Sàdíátù fẹ́ sáré sí i, Yésúfù sì di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. Fàdìlàt mí kanlẹ̀, ó tún gbé ẹsẹ̀, ó dé ìdí ọkọ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Yésúfù wọ yàrá tí Fàdìlàt ń sùn lọ. Ohun tí ọmọ rẹ̀ fi sílẹ̀ nìwọ̀nyí: ibùsùn tó tẹ́ dáadáa, ìpara ọmọdé tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, sílípà kan tí okùn rẹ̀ ti já, ọ̀pá ìtilẹ̀ onírọ́bà tí Ridwanullah rà fún un, tí ọ̀rá ìsọ̀ ṣì wà lára rẹ̀, àga onítáyà kan tí àwọn ará àdúgbò yá wọn, tí ẹnikẹ́ni kò tíì jókòó sí, àti níta, lórí ilẹ̀ rírọ̀, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ti ọ̀tún wọ́lẹ̀ díẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà títí dé géètì.