Ọsàn Tó Dédé Kan ní Topo

Èmi Láídé, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Ìyá mi ló mọ̀ ọ́n, ohun tó sì ń bí mi nínú nìyẹn. Láti ìgbà tí Tánńtì Jùmọ̀kẹ́, àbúrò bàbá mi, ti sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí pé Ìyá ló ba igi ọsàn ọkọ rẹ̀ jẹ́, Ìyá kó ẹrù, ó sọdá ọ̀sà wá sí Badagry, kò sì tẹ ilẹ̀ Topo mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n rántí ọsàn yẹn díẹ̀. Bàbá á gun orí àpótí, á máa já a jù sí wa, a ó sì máa dù ú nínú iyanrìn. Omi rẹ̀ á ṣàn dé ìgúnpá wa, a ó lá a. Àwọn tó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì á yà, wọ́n á ní àwọn kàn wá kí wa ni. Irọ́ ni, ọsàn ni wọ́n ń wá. Àárò rẹ̀ ń sọ mí títí dòní.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí Bàbá kú ni ọsàn náà kan. Èèyàn ò lè fi sẹ́nu. Ẹja ni Ìyá ń yan nígbà náà, ìdí igi yẹn ló sì máa ń da omi tó bá fi fọ̀ ọ́ sí. Tánńtì ní omi ẹja ló pa á.

Hidayah, ọmọ tí mo bí fún Tàjùdíìnì ọkọ mi, ń kọ́ ìmọ̀ ohun ọ̀gbìn ní yunifásítì. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń ka àbùdá inú ewé bí èèyàn ṣe ń ka ìwé. Mo ní kó lọ já ewé igi yẹn. Nígbà tí èsì dé, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fipá gbé Ìyá wọ ọkọ̀ ojú omi. Etí Tánńtì gan-an ni mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí.

A bá Tánńtì nídìí igi náà. Ó ní fún Ìyá pé, "Ìyàwó, o ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí wa?"

Hidayah kúnlẹ̀ kí i, ó wá ṣàlàyé. Ó ní ìhà Ṣáínà lọ́hùn-ún ni ọsàn dídùn ti ṣẹ̀, láti ara ọsàn ńlá kan tó tóbi ju ọsàn gréèpù lọ, tí òdòdó rẹ̀ pàdé ti tanjaríìnì. "Kò sí ọsàn dídùn tí àbùdá ọsàn ńlá yẹn ò sí lára rẹ̀, Tánńtì. Igi yìí ò ní in rárá. Igi yìí ò dùn rí."

"Ṣé mo ń parọ́ ni? Ẹnu yìí ni mo fi jẹ ẹ́."

"Ẹ ò parọ́, mà. Igi méjì ni. Bàbá àgbà gé ẹ̀ka ọsàn dídùn, wọ́n so ó mọ́ kùkùté ọsàn kíkan, irú lẹ́mọ̀ọ́nù kan, torí gbòǹgbò tiẹ̀ le. Tí kùkùté yẹn bá ń rúwé, ẹ gbọ́dọ̀ máa gé e. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀, á pa ti òkè."

Ìyá ní, "Àràárọ̀ ni ọkọ mi máa ń bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ. Mo rò pé koríko ló ń gé."

Mo kọjú sí Tánńtì. "Ẹ gbọ́, àbí ẹ ò gbọ́?"

Ojú tì í. Ó ní, "Ìyàwó mi, má bínú." Èmi ṣì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n Ìyá ò tiẹ̀ wo ibi tí a wà. Hidayah ló ń wò.

"Èyí tó dùn yẹn ńkọ́? Ṣé ó kù níbì kankan?"

"Kò kù, Màmá. Ó ti kú tipẹ́."

Ìyá jókòó sínú iyanrìn, ó bú sẹ́kún. Mo ní kí ló dé, ṣebí a ti dá a láre.

"Ta ló ń wá àre? Mo gbà pé èmi ni mo bà á jẹ́. Ìdí tí mi ò fi wá nìyẹn. Mo ní bí mo bá jìnnà sí i, bóyá á tún dùn."

Gbogbo ọdún yẹn, mo rò pé ó ń bínú ni.

Nígbà tó yá, ó nu ojú. "Kùkùté yìí náà ńkọ́? Ọwọ́ ọkọ mi ló gbìn ín?"

"Ọwọ́ wọn ni, Màmá."

"Ẹ bó ọ̀kan fún mi."

Tánńtì ló bó o. Ìyá jẹ ẹ́ tán, kò fajú ro.