Àparò Tí Wọ́n Fi Ìbọn Ẹfọ̀n Pa

Ọmọ Ìwó ni Oyèdèjì, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án ni ó fi dáko kòkó lórí ilẹ̀ Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Òdìgbó. Òun àti Wùnmí aya rẹ̀ ni wọ́n ṣán ibẹ̀ nígbà tí ó ṣì jẹ́ igbó kìjikìji. Wọ́n gbin kòkó, wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ sí etí rẹ̀, nígbà tí kòkó sì bẹ̀rẹ̀ sí í so, wọ́n ń bá onílẹ̀ pín in gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Yàtọ̀ sí oko, Oyèdèjì tún ń ṣọdẹ. Kì í ṣe ọdẹ aperin o. Òkété, ọ̀yà àti ẹyẹ ni tirẹ̀, ìbọn ṣakabùlà tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un náà ni ó sì ń gbé kiri. Tí ó bá pa ẹran, ó máa ń pa á ní mímọ́, á nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ nù kí ó tó jù ú sápò. Wùnmí a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ó ṣe ń tọ́jú òkú ẹran, kò tọ́jú ìyàwó bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún tí a ń wí yìí, àìsàn dá Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé wó. Ẹsẹ̀ méjèèjì wú, oúnjẹ kò sì wọ ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Nígbà tí Oyèdèjì lọ kí i ní Òdìgbó, bàbá ní, “Oyèdèjì, bí mo bá rí omi ọbẹ̀ àparò fi kan ahọ́n, bóyá ẹnu mi á là.”

“Ẹ ó rí i, bàbá. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.”

Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ni fóònù bàbá ti dún. Festus ni, àkọ́bí rẹ̀ tí ó ń gbé ní Èkó. Bàbá sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń fẹ́ fún un. Festus ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ìyọnu, òun fúnra òun ni yóò wá pa àparò fún bàbá òun. Ó ní kí Oyèdèjì wá pàdé òun ní Ọ̀rẹ̀ lówùúrọ̀ Sátidé, kí ó mú òun dé inú oko.

Inú Oyèdèjì dùn sí i. Ọmọ tí ó gbọ́ pé ẹnu baba òun kò là, tí ó dìde láti Èkó torí ẹyẹ kan ṣoṣo, ọmọ gidi ni.

Ní Sátidé náà, ó bá Festus lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀, níbi tí àwọn obìnrin ti ń yan bọ̀ọ̀lì. Ó jókòó sínú jíìpù dúdú kan, ó ń jẹun.

“Ìwọ ni Oyèdèjì? Wọlé.”

Festus kò ju ọmọ ọdún méjìdínlógójì lọ. Oyèdèjì ti lé ní àádọ́ta. Síbẹ̀ ó tẹrí ba, ó ní, “Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá,” nítorí ẹni tí ó ń jẹ lórí ilẹ̀ onílẹ̀ kì í ka ọjọ́ orí ọmọ onílẹ̀.

Bí ó ti jókòó ni ó rí àpò awọ gígùn kan lẹ́yìn. Festus rí i pé ó ń wò ó. Ó fa àpò náà ṣí.

“Ìbọn ẹfọ̀n nìyẹn. Gúúsù Áfíríkà ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn ín. Ọta kan péré, ẹfọ̀n á dojú bolẹ̀.” Ó fi ọta kan lé Oyèdèjì lọ́wọ́. Ó gùn ju ìka àárín rẹ̀ lọ, ó wúwo, ó sì tutù.

“Àparò là ń lọ bá, ọ̀gá.”

“Mo mọ̀.”

“Àparò kò ju ìkúùkù méjì lọ. Mo gbé ṣakabùlà mi dání, mo ti ki ọta wẹ́wẹ́ sí i.”

“Ohun tí ó bá lè pa ẹfọ̀n, ṣé àparò ni kò ní lè pa?” Festus bú sẹ́rìn-ín.

Oyèdèjì náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti parí, ẹ̀rín tirẹ̀ yìí ni ó ń rí i lára jù lọ.

Wọ́n dé oko nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko. Oyèdèjì fi ọwọ́ hàn án: ẹ̀gẹ́ nìyí, ibẹ̀ ni àparò ti máa ń tan ilẹ̀ láàárọ̀; lẹ́yìn ẹ̀gẹ́, lápá ìlà-oòrùn, oko kòkó ni. “Wùnmí ìyàwó mi àti Sẹ̀kínát aládùúgbò wa ń fọ́ kòkó níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ má yìnbọn sí apá ọ̀hún rárá. Apá ibi tí igbó wà yìí ni kí ẹ kọjú sí.”

“Mo gbọ́.”

Kò pẹ́ tí wọ́n lúgọ ni akọ àparò kan jáde sórí ebè. Ó na ọrùn, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ tan ilẹ̀. Kò ju ogún ìṣísẹ̀ sí wọn. Ọmọdé lè sọ ọ́ lókùúta níbẹ̀. Festus gbé ìbọn sí èjìká, ó fi ojú kan sínú dígí tí ó wà lórí rẹ̀.

Gbòà!

Etí Oyèdèjì di. Nígbà tí èéfín kúrò, kò sí àparò mọ́. Ihò ni ó wà lórí ebè, ìyẹ́ sì ń rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sórí ewé ẹ̀gẹ́. Ohun rírọ̀ kan bà á ní ètè. Ó fi ọwọ́ nù ún, ó wò ó: ìfun ni, ó tín-ínrín bí òwú, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó yíjú sẹ́yìn, ó tutọ́ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ìwọ̀nba tí wọ́n rí ṣà kò kún ọwọ́ kan: ẹsẹ̀ kan, abala orí, àti ẹran tí erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ inú ẹyẹ náà ti pò mọ́. Festus ń pariwo bí ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ó gbé ẹsẹ̀ àparò náà sókè, ó fi fóònù ya ara rẹ̀ ní fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀.

“Ọ̀gá, èyí kò ṣe é sè,” ni Oyèdèjì wí. “Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi pa èyí tí ó kù. Bàbá ń retí.”

“O kò tíì rí nǹkan kan. A ó pa òmíràn.”

Wọ́n sún síwájú. Níbi tí ẹ̀gẹ́ ti pin, ìyá àparò kan jáde láti inú koríko, òròmọ bíi mẹ́fà sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, wọn kò tíì ju ẹyin lọ. Oyèdèjì di ọwọ́ Festus mú.

“Abiyamọ ni. A kì í pa á. Ọdẹ kankan kì í pa á. Ọ̀gá, ẹ wo ibi tí ó dúró sí pẹ̀lú, oko kòkó ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀.”

Festus já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Kò tilẹ̀ wò ó lójú. Ìbọn dún.

Ìyá náà túká. Àwọn òròmọ rẹ̀ kò mọ ibi tí wọn yóò sá sí. Wọ́n ń sáré yí ìyẹ́ ìyá wọn ká, wọ́n ń han ṣíóṣíó, ọ̀kan sì wọ abẹ́ ìyẹ́ apá tí ó gé sílẹ̀, ó ba síbẹ̀ bí ẹni pé ó délé. Festus ń rẹ́rìn-ín. Oyèdèjì rí eyín rẹ̀, ó rí bọ̀ọ̀lì tí ó há sí àárín eyín náà, ìríra rẹ̀ sì gbà á láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí. Kò kórìíra ènìyàn kankan bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà náà ni igbe ta láti inú oko kòkó. Ohùn Wùnmí ni.

Oyèdèjì kò mọ bí òun ṣe sáré débẹ̀. Sẹ̀kínát dojú bolẹ̀, ó fi ọwọ́ bo orí. Wùnmí jókòó sílẹ̀ láàárín èèpo kòkó. Láàárín àwọn méjèèjì ni ike omi wọn wà. Ọta ti wọ ọ̀kan nínú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gba ìkejì jáde, ó sì ti gé ẹ̀ka igi kòkó kan bọ́ sílẹ̀ lókè ọ̀hún. Omi ń tú sórí aṣọ Wùnmí. Oyèdèjì fọwọ́ pa orí rẹ̀, àyà rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń wá ẹ̀jẹ̀. Kò rí.

Festus dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. “Ṣé ó bà yín? Kò bà yín. Ẹ dúpẹ́. Ike lásán ni, màá ra méjì fún yín.”

Oyèdèjì dìde. “Festus,” ni ó wí. Kò pè é ní ọ̀gá. “Gbé ìbọn yẹn kúrò lọ́wọ́.”

“Ta ni ò ń bá sọ̀rọ̀?”

“Ìwọ ni. Ó kù díẹ̀ kí o sọ mí di opó ọkùnrin nítorí ẹyẹ tí ajá gan-an kò lè jẹ mọ́. Yọ ọta inú rẹ̀. Bí o kò bá yọ ọ́, wàá tún un yìn lónìí, èmi ni wàá sì yìn ín sí.”

“Oko ta ni o dúró sí?”

“Oko bàbá rẹ ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a ń lọ nísinsìnyí.”

Festus wo àwọn obìnrin náà, ó wo ọwọ́ Oyèdèjì, ó yọ ọta. Oyèdèjì padà síbi tí wọ́n ti pa àparò méjèèjì, ó ṣa ohun tí ó rí ṣà, ó dì í sínú ewé kókò. Kò wọ jíìpù. Ọ̀kadà ni ó gùn dé Òdìgbó, Festus wa jíìpù tẹ̀lé e.

Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé jókòó sórí àga nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn nígbà tí ó rí ewé. “Àparò mi dé?”

Oyèdèjì dọ̀bálẹ̀, ó tú ewé náà síwájú rẹ̀. Eṣinṣin ti bá a débẹ̀. Bàbá tẹ̀ síwájú, ó wò ó pẹ́, ó wá fi ẹsẹ̀ wíwú rẹ̀ sún un sẹ́yìn.

“Kí ni ó jẹ ẹ́?”

“Ìbọn ni, bàbá. Ti Festus.”

“Ẹ gbé ìbọn náà wá kí n rí i.” Nígbà tí wọ́n gbé e dé, bàbá fi àtàǹpàkò wọn ẹnu ìbọn. Ó béèrè ibi tí ọta gbà. Festus wolẹ̀. Oyèdèjì ni ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí abiyamọ àparò títí dé orí ike omi.

“Festus, o ní torí mi ni o ṣe wá. Ṣé èyí ni wọn ì bá sè fún mi? Àbí òkú ìyàwó oníyàwó ni ǹ bá máa fi jẹ ọbẹ̀ yẹn?” Ó kọ ojú sí ògiri. “Gbé nǹkan yìí padà sí Èkó lónìí. Má gbé e dé orí ilẹ̀ mi mọ́ nígbà tí mo bá wà láàyè. Oyèdèjì, fi orí jì mí. Èmi ni mo bí i.”

Oyèdèjì ní kò sí nǹkan kan, bàbá. Ó lọ sin ewé náà sẹ́yìn ilé. Bí ó ti ń jáde ni Festus dúró dè é lẹ́nu géètì.

“O gbọ́ ohun tí ó wí,” ni Festus wí jẹ́ẹ́jẹ́. “‘Nígbà tí mo bá wà láàyè.’ Ìwọ náà ti rí ẹsẹ̀ rẹ̀.”

Oyèdèjì wò ó. Ohun tí ó wá sí i lẹ́nu kò ṣe é sọ ní iwájú ilé aláìsàn. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, bí ènìyàn ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ ìgbẹ́ ajá kọjá lójú ọ̀nà, kí ó má baà kan aṣọ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Wùnmí gbé ẹ̀bà síwájú rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án, Wùnmí náà kò jẹ tirẹ̀.

“Ọmọ yẹn ni yóò jogún ibí,” ni Wùnmí wí.

“Òun ni.”

“Mi ò lè fọ́ kòkó kí n máa tẹ́tí sí ìró ìbọn ní ẹ̀yìn mi.”

“Èmi náà kò lè dọ̀bálẹ̀ fún un mọ́, Wùnmí. Mo mọ ara mi.”

Nígbà tí wọ́n kórè kòkó ọdún náà tán, Oyèdèjì lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Samson, ní ìhà Aráròmí-Obù, Samson sì bá a wá ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé ránṣẹ́ pè é lẹ́ẹ̀mejì pé kí ó má lọ. Oyèdèjì lọ, ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, kò sì yí ọ̀rọ̀ padà. Bàbá kú kí òjò tó dé. Wọ́n lọ síbi ìsìnkú náà, wọ́n dúró lẹ́yìn èrò, wọn kò sì bá Festus sọ nǹkan kan.

Ọ̀nà oko wọn tuntun burú, bí òjò bá rọ̀, ọ̀kadà kì í dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọdún kejì tí wọ́n ti wà níbẹ̀ rèé. Kòkó tí wọ́n gbìn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orúnkún, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n sì ń jẹ.